Híta, Àdògán àti Ọmọ Tuntun Nínú Yàrá Kékeré

Àsìkò tí ètè ń bó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń sán, tí àwọn ọmọdé sì ń sá fún omi ìwẹ̀ òwúrọ̀ ti tún dé. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ lè fi wá rẹ́rìn-ín pé àwa náà ń sọ̀rọ̀ òtútù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rí ní agogo 4 ìdájí nínú oṣù Ọ̀pẹ, nínú ilé onípáànù tí kò ní àjà, yóò mọ̀ pé òtútù tiwa náà ń wọ eegun.

Lẹ́tà kan ni ó mú mi kọ èyí. Ọ̀dọ̀ ìyàwó kan ní Ẹdẹ ni ó ti wá. Ó ní oyún òun àkọ́kọ́ ti wọ oṣù tí òun yóò bí i, pé yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ òun ń gbé ní ìtòsí Pólì, àti pé yàrá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. Ọkọ rẹ̀ ti fi owó pamọ́ láti ra híta oníná mànàmáná kí ara ọmọ má baà tutù. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti abúlé pé kí wọ́n má ṣe fi owó ṣòfò, pé òun yóò gbé àdògán àti àpò èédú kan dání nígbà tí òun bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà. Ó wá béèrè pé: “Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Bí ó bá sì jẹ́ híta ni, irú èwo ni a ó rà tí kò ní jó ilé mọ́ wa lórí, tí kò sì ní jẹ gbogbo owó iná wa?”

Ọmọ mi, n ó dá ọ lóhùn níwájú gbogbo ènìyàn, nítorí pé kì í ṣe ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìlú tí o wà, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni. Ẹni tí a fi ọfà iná mọ̀ ni ìtàn sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó. Iná kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí a ó gbé wọ inú yàrá tí ọmọ tuntun sùn sí, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àdògán, kí n sì sọ ọ́ láìfi bò, nítorí pé ó ṣojú mi. Inú ọyẹ́ ni mo bí ọmọ mi kejì. Àwọn ìyá tí wọ́n wá tọ́jú mi gbé àdògán sínú yàrá, wọ́n jẹ́ kí èédú rẹ̀ pọ́n dáadáa títí tí kò fi rú èéfín mọ́, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì ká ògbólógbòó ìró sí abẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà wọlé. Gbogbo wa ni inú wa dùn sí ooru náà. Ní òru, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ìbímọ ni. Mo fẹ́ dìde láti fún ọmọ lọ́mú, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Ohun tí ó gbà wá ni pé àbúrò màmá mi, tí ó sùn sí pálọ̀, ti ilẹ̀kùn wọlé láti wá ìṣáná. Ó ní nígbà tí òun pe orúkọ mi, ohùn tí mo fi dáhùn kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ó fi igbe ta, wọ́n wọ́ wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà rọ bí aṣọ tí a fi omi rẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó kọjá kí ó tó ké ni ó gùn jù lọ ní ayé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ni ó gbà pé ọwọ́ ayé ni. Wọ́n fura sí obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì mí tí ó sì là mí lọ́yẹ̀ pé àdògán ni.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín igi. Nítorí náà ni ó fi burú pé a máa ń ní kí èédú kọ́kọ́ pọ́n kí a tó gbé e wọlé. Èéfín tí ojú ń rí ti lọ, èyí tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá fà á símú, ó máa ń gba àyè mọ́ afẹ́fẹ́ rere lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn láti dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ. Orí fífọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà òòyì, èébì àti oorun. Oorun yìí ni ó burú jù, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó sá jáde ni ó ń sùn lọ. Ọmọ tuntun ń mí kíákíá ju àgbàlagbà lọ, nítorí náà ni májèlé náà fi ń tètè kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá bá ara yín ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé gbogbo ènìyàn jáde sí ìta ná, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn, bí ara ẹni náà tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti yá.

Ẹlòmíràn yóò wí pé òun yóò ṣí fèrèsé díẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tó kí májèlé lè jáde, òtútù tí ẹ ń sá fún ti wọlé. Ẹ kò rí èrè kankan níbẹ̀. Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa sítóòfù oníkárósíìnì, àti nípa jẹnẹrétọ̀ tí àwọn kan ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè: èéfín rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá àwọn tí wọ́n ń sùn. Ìta gbangba ni àyè wọn.

Híta oníná mànàmáná kì í tú májèlé yìí jáde. Ẹ lè ti ilẹ̀kùn, ẹ lè fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, ẹ lè ta kọ́tìnì tí ó nípọn bo fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ohun tí ó ń pa ènìyàn bí ó bá jẹ́ èédú ni ó ń dín owó kù bí ó bá jẹ́ híta. Nítorí náà, ọkọ rẹ ni mo gbè. Ṣùgbọ́n kí ó má tíì yọ̀, nítorí pé híta náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní àdúgbò Bronx ní ìlú New York, híta kékeré kan tí ó bàjẹ́ dá iná sílẹ̀ nínú iyàrá kan nínú ilé alájà 19. Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó padé fúnra rẹ̀ kò padé, èéfín sì gba ibẹ̀ gun òkè ilé. Ènìyàn 17 ni ó kú, 8 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ilé náà ni ó wá láti Gáḿbíà, ènìyàn dúdú bíi tiwa, tí òtútù àjèjì ilẹ̀ mú wọn ra híta. Èyí ni mo fi ń rántí pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́rà nìkan. Àìmọ̀ọ́lò náà wà níbẹ̀.

Wàyí o, irú èwo ni kí a rà? Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ ní ọjà. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Kò wọ́n, ó sì yá. Kò pẹ́ tí a tàn án tí a ó ti máa mọ ooru rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń gbóná, bí aṣọ tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn bá sì kàn án, iná dé. N kò fẹ́ rí i nínú yàrá ọmọ rárá. Èkejì ni èyí tí ó ní fáànù nínú, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Òun náà yá, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó ń fẹ́ eruku ọyẹ́ káàkiri, bí aṣọ bá sì bo ẹnu rẹ̀, ó lè gbóná kọjá àlà.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn. Òun ni èyí tí a rọ òróró sí nínú, tí ó ní ìhà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹran, tí ó sì ní táyà kékeré lẹ́sẹ̀. Òróró náà kì í jó, a kì í sì í yí i padà. Iná mànàmáná ni ó ń mú un gbóná nínú. Kì í pọ́n, kì í pariwo, ó wúwo débi pé kò rọrùn láti ṣubú. Ohun tí ó sì jẹ́ kí ó bá ìlú wa mu jù lọ ni pé bí wọ́n bá mú iná lọ, òróró náà kò ní tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò ṣì máa fún yàrá ní ooru díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Ẹ ní láti tàn án ṣáájú oorun. Ara rẹ̀ náà sì máa ń gbóná tó láti jó ọmọ tí ń rákò lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ pọ́n.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, yálà ní Ẹdẹ tàbí ní Òṣogbo tí kò jìnnà, ẹ yí ẹ̀yìn híta náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá. Èkíní ni fóólítì: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 220 sí 240. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tòkunbọ̀. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ inú iná tiwa, yóò fa iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ó yẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jó. Èkejì ni wáàtì. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 sí 12 kò nílò ju 1,000 lọ ní ilẹ̀ wa. Ẹ wá èyí tí ó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yan wáàtì kékeré tàbí ńlá, tí ó ní kókó tí ń díwọ̀n ooru tí yóò máa pa á fúnra rẹ̀ bí yàrá bá ti móoru tó, tí yóò sì pa ara rẹ̀ bí ó bá ṣubú. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án níwájú yín, kí ẹ sì rọra dà á ní ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wò ó bóyá yóò kú. Bí ó bá ń bínú, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Ọlọ́jà yóò wí fún yín pé èyí kì í jẹ iná, pé ó ń fi iná díẹ̀ mú ooru púpọ̀ wá. Ẹ má gbà á gbọ́. Gbogbo híta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ni ó ń sọ gbogbo iná tí ó bá gbà di ooru. Wáàtì 1,000 ti ọlọ́wọ̀n kò mú ooru wá ju wáàtì 1,000 ti olówó pọ́ọ́kú lọ. Àfi ẹ̀rọ amúlétutù kan tí a lè yí padà kí ó máa mú ilé gbóná ni ó ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tí ń bímọ àkọ́kọ́ nínú yàrá kan. Ohun tí ń dín owó kù ni kókó tí ń pa á, àti yàrá tí a dí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà. Wáàtì 1,000 fún wákàtí 1 ni yúnìtì 1. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúnìtì kan sí 225 náírà fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó àwọn ìpele yòókù kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye tiyín lórí ìwé tí ẹ fi ń ra iná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi 225 ṣe é. Bí híta oníwáàtì 1,000 bá jó fún wákàtí 8 láìkú, yúnìtì 8 ni, ìyẹn 1,800 náírà ní alẹ́ kan. Ní ọgbọ̀n alẹ́, ó di 54,000. Bí ẹ bá ra oníwáàtì 2,000 nítorí pé ó tóbi, ó di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dí yàrá, tí ẹ tàn án fún wákàtí 2 kí ẹ tó sùn, tí ẹ sì pa á, 450 náírà ni. Èyí ni èmi ń ṣe.

Nípa wáyà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ti ń jó. Híta kì í ṣe fóònù. Ara ògiri tààrà ni kí ẹ kì í bọ̀, nínú ihò iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wáyà ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má kì í bọ inú ẹksitẹ́ńṣàn tí tẹlifíṣàn, fìríìjì àti ṣájà fóònù ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wáyà inú púpọ̀ nínú wọn kò nípọn tó okùn bàtà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fọwọ́ kan orí wáyà náà ní ara ògiri. Bí ó bá gbóná, tàbí bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà, ẹ pa á, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná. Ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí a pín iná mọ́ ara wa lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá wáyà yàrá yín lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò.

Ìdààmú kan sì wà tí àwọn tí wọ́n kọ ìwé tí ó bá híta wá láti òkèèrè kò mọ̀. Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti dá NEPA sílẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ iná ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n igbe tí àwọn ọmọdé ń ké bí iná bá dé kò yí padà. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ kí igbe náà tó ta? Iná lọ nígbà tí híta ń ṣiṣẹ́. Ìyá gbàgbé rẹ̀, ó da aṣọ ọmọ lé e lórí kí ó lè gbẹ, ó pọn ọmọ, ó lọ sí ọjà. Iná dé. Kò sí ẹni kan nílé. Nítorí náà, lọ́gán tí iná bá ti lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ, ibùsùn tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn sún mọ́ ọn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Mo mọ̀ pé èyí nira nínú yàrá kékeré. Bí ẹ kò bá lè rí ẹsẹ̀ bàtà 3 náà, ẹ mú àpótí kan jáde kúrò nínú yàrá.

Irin ìse-omi tí a ń tì bọ korobá, gbólóhùn kan péré: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi, lójoojúmọ́, láìyọ ọjọ́ kan sílẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, híta kan wà tí a kì í rà. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Edgar Rey rí i pé ẹ̀rọ amọ́mọmóoru kò tó fún àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù. Ó ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ sí àyà lásán, ara kan ara, kí wọ́n sì fi aṣọ dì í mọ́ra. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó pé oṣù náà ń jèrè rẹ̀. Fi ọmọ sí àárín ọmú méjèèjì, dé e ní fìlà, da aṣọ òfì bo ẹ̀yin méjèèjì nígbà tí o bá jí sílẹ̀. Àjọ kan náà ni ó sọ pé kí a má ṣe wẹ ọmọ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn ìbí, kí òtútù má baà mú un. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ móoru, àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí o fọwọ́ kàn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń tan ènìyàn. Bí ọrùn náà bá ń làágùn, ooru ti pọ̀ jù, èyí náà kò sì dára fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Má ṣe fi ìwé mi yìí hàn án bí ẹni tí ó jàre ẹjọ́. Ẹnu ọkọ rẹ ni kí ọ̀rọ̀ ti jáde, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Kí ó wí pé: “Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ rò wá. Ẹ gbé àdògán yín wá o, òun ni a ó máa fi se omi ìwẹ̀ ìyá àti ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, omi náà pọ̀ tí ẹ ó lò, ẹ̀kọ gbígbóná ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, iná mànàmáná kò sì ní wà ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá dé, fún un ní ọmọ kí ó gbé e sí àyà tirẹ̀ nígbà tí o bá ń sùn. Àyà ìyá àgbà náà ń gbé ooru.

Nígbà tí a bá ti gbọ́ ohùn ìyá, tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, kọ̀wé sí mi, kí o sì sọ fún mi iye yúnìtì tí híta náà jẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́.